Pínnì Tí Apá Àgbà Ká

 Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní Kétu l'Ékòó, ẹ̀yin oníṣòwò Mile 12 àti Ìkòsì, àti ẹ̀yin ará Agbóyì tí ẹ ń gbọ́ wa létí omi lọ́hùn-ún, ẹ fetí sílẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kò kàn. Pínnì ni. Pínnì ẹ̀yìn búróòṣì, pínnì tí a fi ń há gèlè, èyí tí a fi ń mú ìborùn léjìká, èyí tó wà lẹ́yìn bájì tí wọ́n ya àwòrán olóògbé sí nígbà ìsìnkú. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé púpọ̀ nínú pínnì wọ̀nyí ni wọn ò ro ti ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Àwa tí a ń ránṣọ, tí a ń sín ìlẹ̀kẹ̀, tí a ń rọ idẹ ní àdúgbò yìí lè ṣe èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti Agbóyì. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi ni èèyàn ń wọ̀ kó tó gúnlẹ̀ sí Kétu. Bí ìyá kan bá ń lọ síbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, inú ọkọ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú aṣọ ẹbí lọ́rùn. Ọwọ́ kan di etí ọkọ̀ mú, ọwọ́ kejì wà lórí gèlè nítorí atẹ́gùn. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Èkó ní kí gbogbo èrò ọkọ̀ máa wọ̀ ti fún un láyà, ó tẹ búróòṣì mọ́ bùbá léèsì rẹ̀. Bí ìkọ́ ẹ̀yìn búróòṣì yẹn bá jẹ́ èyí tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀, nǹkan méjì ló lè ṣẹlẹ̀: kí ṣóńṣó rẹ̀ gún un láyà, tàbí kí búróòṣì já bọ́ sínú omi. Ọwọ́ wo ló ṣẹ́ kù tí yóò fi tún un ṣe? Pínnì tí yóò bá ìyá yìí lára mu ni èyí tí ọwọ́ kan lè ṣí, tí ọwọ́ kan náà lè pa dé, tí kò di dandan kí ojú rí i kó tó wọlé, tí kì í sì í tú nígbà tí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Pínnì tí a ń tà lọ́jà lónìí, kèrègbè ni fún ọwọ́ àgbà. Ẹ wo ohun tó ń béèrè. Ó fẹ́ kí àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ fi ṣóńṣó orí wọn fún nǹkan tó tín-ín-rín pọ̀, kí wọ́n dúró lójú kan láì gbọ̀n, kí ojú sì rí ihò tí kò ju orí ìṣáná lọ. Làkúrègbé máa ń fẹ́ràn ìdí àtàǹpàkò púpọ̀, ibẹ̀ gan-an ni agbára ìfúnpọ̀ yẹn ti ń wá. Láti nǹkan bí ogójì ọdún ni ojú ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó bá sún mọ́ ọn jù. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ń bá fínra ọjọ́ pípẹ́ lè má mọ̀ ọ́n lára mọ́ bí pínnì bá gún un ní ọmọ ìka, egbò kékeré yẹn sì lè di wàhálà. Nítorí náà, nígbà tí ìyá àgbà bá ń pe ọmọ ọmọ rẹ̀ pé kó wá bá òun fi búróòṣì sáyà, ẹ má ṣe sọ pé ọwọ́ ìyá ti gbó. Pínnì náà ni kò dára tó.

Bí ẹ bá ní búróòṣì nítòsí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ mú un, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà kí ẹ máa bá mi wò ó. Ẹ ó rí nǹkan mẹ́ta níbẹ̀. Oríkèé kan wà ní ìhà kan, níbi tí abẹ́rẹ́ ti ń yí. Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ wà láàárín. Ìkọ́ tí orí abẹ́rẹ́ ń wọ̀ wà ní ìhà kejì. Lára èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, ìkọ́ náà ní ohun róbótó kékeré kan tí a ń yí kí ó lè dí ẹnu rẹ̀, tó ní etí bíńtín méjì tí èékánná fi ń tì í. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Ẹni tó bá gé èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ní epo tàbí òógùn, ẹni tí ọmọ ìka rẹ̀ bá ti wú, kò lè rí etí yẹn dì mú. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá fa etí náà gùn díẹ̀, kó fi fáìlì ha á kí ó rí págunpàgun, kó sì jẹ́ kí ó máa dún kẹ́ nígbà tó bá dé àyè rẹ̀, ìrora ti dín kù púpọ̀. Ìró kẹ́ yẹn ṣe pàtàkì. Etí á bá ojú ṣiṣẹ́, ẹni tó ń lò ó á sì mọ̀ pé ó ti wọlé láì wo dígí.

Ẹ ṣì máa wò ó. Apá wo ni oríkèé wà? Bí ẹ bá di búróòṣì mú kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí yín, tí orí rẹ̀ wà lókè, ọwọ́ ọ̀tún ló yẹ kí oríkèé wà, kí ìkọ́ wà lósì. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún yóò fi ti abẹ́rẹ́ wọ aṣọ láti ọ̀tún sósì láì lọ́ ara rẹ̀. Fún ọlọ́wọ́ òsì, òdìkejì ni. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń ta búróòṣì ọlọ́wọ́ òsì rí? Ó yẹ kó wà, kò sì ná olùṣe ní kọ́bọ̀ kan ju pé kó jẹ́ kí oríkèé àti ìkọ́ pààrọ̀ àyè nígbà tó bá ń ṣe é.

Ẹ wá wo ẹnu ìkọ́ náà. Ìsàlẹ̀ ló yẹ kó kọjú sí. Ìdí rẹ̀ nìyí: nígbà tí búróòṣì bá wà láyà, ìwúwo rẹ̀ ń fà á wálẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ di abẹ́rẹ́ mú lókè. Bí ẹnu ìkọ́ bá kọjú sókè, bí búróòṣì ti ń lọ sílẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń bọ́ jáde. Bí ó bá kọjú sísàlẹ̀, ìwúwo yẹn kan náà ni yóò máa ti abẹ́rẹ́ wọnú ìkọ́ sí i. Mo ti rí búróòṣì olówó ńlá tí wọ́n ṣe ìkọ́ rẹ̀ sódì, tí ẹni tó rà á rò pé ojú burúkú ló ń já a bọ́ láyà òun.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sábà máa ń gbàgbé. Àárín gbùngbùn ni wọ́n ń lẹ pínnì mọ́. Búróòṣì ìlẹ̀kẹ̀ tóbi, ó wúwo, nítorí náà yóò tẹrí ba síwájú, yóò sì máa wo ilẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti wọlé títí tí wọ́n á fi ṣe àdúrà ìparí. Ẹ gbé pínnì náà sókè ju àárín lọ, ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ tó wà lókè, yóò dúró ṣánṣán. Bí ó bá wúwo gan-an, ẹ fi pínnì méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ má sì gbára lé gọ́ọ̀mù nìkan. Ooru Èkó máa ń rọ gọ́ọ̀mù, òógùn sì ń ṣí i. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà fún ẹ̀yìn búróòṣì ní ihò lára. Nítorí kí a lè fi òwú rán an ni wọ́n ṣe lu ihò yẹn. Ẹ rán an.

Pínnì tí gbogbo wa mọ̀ jù, èyí tí a fi ń mú ìlédìí ọmọ nígbà kan, tó ní fìlà kékeré tí ṣóńṣó rẹ̀ ń sá sí lábẹ́, Walter Hunt ará New York ní Amẹ́ríkà ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1849 ni, nọ́ńbà ìwé náà sì ni 6,281. Wọ́n ní gbèsè dọ́là 15 ló wà lọ́rùn rẹ̀ tó fi jókòó tó ń lọ́ wáyà títí tí nǹkan fi jáde, ó sì ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní dọ́là 400. Ọkùnrin yìí kan náà ti ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ ṣáájú ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò gba ìwé àṣẹ lé e lórí nígbà náà. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ kí i.

Ohun tí Hunt ṣe tó fi yàtọ̀ ni pé ẹyọ wáyà kan ṣoṣo ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ó yí ìdí rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan kí ó lè di sípíríìngì, ó sì fi orí rẹ̀ ṣe ìkọ́ tó ń bo ṣóńṣó mọ́lẹ̀. Kò sí oríkèé tó lè ṣẹ́. Sípíríìngì fúnra rẹ̀ ló ń ti abẹ́rẹ́ mọ́ ìkọ́. Ọgbọ́n yìí ò tíì gbó títí dòní. Àbùkù rẹ̀ ni pé èyí tó kéré nínú wọn le koko ní ṣíṣí, ọmọ ìka tó ń ro kò lè tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún ìlédìí, tí orí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà fífẹ̀, rọrùn jù ú lọ. Kí ló dé tí a kò fi ní ṣe orí fífẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún pínnì àwọn ìyá wa, kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tàbí idẹ bò ó kí ó lẹ́wà?

Kí Hunt tó dáyé, pínnì onísípíríìngì ti wà ní ilẹ̀ Gíríìsì àti Róòmù láyé àtijọ́, ó lé ní 3,000 ọdún sẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù wà nílẹ̀ Áfíríkà níbí. Àwọn obìnrin Amazigh ní Mòrókò àti Àlùjéríà máa ń fi búróòṣì fàdákà ńlá méjì mú aṣọ wọn léjìká méjèèjì, ẹ̀wọ̀n sì ń so méjèèjì pọ̀ níwájú àyà. Ẹ fojú inú wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Òrùka kan ni, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, abẹ́rẹ́ gígùn kan sì ń rìn lára rẹ̀. Wọ́n á gún abẹ́rẹ́ wọ aṣọ kó jáde lódìkejì, wọ́n á gbé e gba ẹnu òrùka tó là yẹn kọjá, wọ́n á wá yí òrùka náà díẹ̀. Ó parí. Kò sí sípíríìngì tí ọmọ ìka gbọ́dọ̀ tẹ̀, kò sí etí bíńtín tí èékánná gbọ́dọ̀ wá. Gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ló ń ṣe é, ojú kò sì ní láti wò ó. Ìwúwo aṣọ fúnra rẹ̀ ló ń dè é mọ́bẹ̀. Lójú tèmi, irú èyí ló yẹ kí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ wa kọ́kọ́ dán wò fún ìborùn aṣọ òkè. Aṣọ òkè nípọn, híhun rẹ̀ sì fàyè gba abẹ́rẹ́ tó sanra láì já òwú. Kí wọ́n má fi sí sátíìnì ṣá o, ihò tó bá dá síbẹ̀ kò ní dí mọ́.

Mo dé ibi tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnu. Ẹ lọ wo ẹni tó ń wé gèlè fún ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó láàárọ̀ Sátidé. Pínnì mẹ́rin, márùn-ún, ó fi ètè há wọn, ó sì ń bá àwọn tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tó ń lo híjáàbù: ọwọ́ méjèèjì wà lára aṣọ, nítorí náà ẹnu ló bọ́ sí. Ẹ̀rín kan, ikọ́ kan, èémí kan tó lọ sínú lójijì, pínnì ti gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn dókítà ní Tọ́kì àti Íjíbítì ti kọ̀wé púpọ̀ lórí pínnì híjáàbù tí wọ́n yọ lẹ́dọ̀fóró àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Ní Philadelphia, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Mütter tọ́jú ohun tó lé ní 2,000 tí dókítà kan ṣoṣo, Chevalier Jackson, yọ lọ́nà ọ̀fun àwọn èèyàn, pínnì sì wà lára wọn dáadáa. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, pínnì tó ti gún orí ẹnì kan díẹ̀, tó tún bọ́ sẹ́nu awégèlè, tó tún lọ sórí ẹlòmíràn, lè gbé ẹ̀jẹ̀ kiri. Kòkòrò àìsàn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B lè wà láàyè lórí ohun gbígbẹ fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Ẹ dákun, ẹ gé fóòmù kékeré kan, ẹ fi rọ́bà dè é mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì, ibẹ̀ ni kí ẹ máa gún pínnì sí. Bí pínnì yín bá jẹ́ ti irin, ẹ lè rán òòfà pẹlẹbẹ mọ́ bẹ́líìtì ọwọ́, wọn á máa fò mọ́ ọn fúnra wọn. Òòfà kì í mú ti idẹ. Kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní pínnì tirẹ̀ tí yóò mú relé. Bí pínnì bá sì ṣèèṣì wọ ẹnì kan lọ́fun, ẹ má lù ú lẹ́yìn, ẹ má fún un ní ẹ̀bà kó fi tì í, ẹ má jẹ́ kó bì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, Ilé Ìwòsàn Ìjọba Gbàgádà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ wa níbí, kí wọ́n yà á ní ẹ́síréè.

Àwọn kan á sọ pé òòfà ti gbà wá, pé kí la tún fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe? Lóòótọ́, òòfà alágbára tí wọ́n ń pè ní neodymium, tó jáde lẹ́yìn ọdún 1980, ti sọ búróòṣì di ohun ìrọ̀rùn. Ìdajì wà nínú aṣọ, ìdajì wà níta, wọ́n á fà mọ́ra. Kò dá ihò sí aṣọ, kò sì gún èèyàn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún bájì orúkọ àti fún híjáàbù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n agbára òòfà ń já wálẹ̀ kíákíá bí aṣọ bá ti ń nípọn sí i. Fi í sórí léèsì tó ní aṣọ inú, pẹ̀lú ìborùn aṣọ òkè lórí rẹ̀, yóò máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Ẹyọ òòfà kan á tún jẹ́ kí búróòṣì máa yí po. Méjì tàbí mẹ́ta lórí irin gbọọrọ ló ń mú un dúró. Èyí tí kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni ti ìlera. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ kékeré sí láyà nítorí ọkàn tí kò lù déédéé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òòfà sún mọ́ ibẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, àyà gan-an sì ni a ń fi búróòṣì sí. Ọmọdé tó bá gbé òòfà méjì mì wà nínú ewu ńlá, nítorí wọn á fà mọ́ra láti inú ìfun kan sí èkejì, wọn á sì dá ihò sí i. Oníṣòwò tó bá ń tà á gbọ́dọ̀ sọ èyí fún oníbàárà kó tó gba owó rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé irú àtúnṣe yìí ju agbára wa lọ. Ṣé ẹ rí ọ́tò-gèlè? Gèlè ségò ń dán, ó ń yọ̀, kò dà bí aṣọ òkè tó máa ń di ara rẹ̀ mú, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ pínnì púpọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà jókòó, wọ́n ká a, wọ́n rán an sílẹ̀, wọ́n fi ohun tí a lè fún tàbí tú sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá tó bá fẹ́ lọ sóde kàn ń dé e bíi fìlà ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní yunifásítì. Wọ́n rí ìnira, wọ́n sì mú un kúrò. Ní Amẹ́ríkà bákan náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sam Farber rí i pé làkúrègbé kì í jẹ́ kí ìyàwó òun lè di ọ̀bẹ ìbóǹkan mú dáadáa, ó wá ṣe èyí tí èèkù rẹ̀ sanra tó sì rọ̀. Ọdún 1990 ló gbé e jáde ní orúkọ OXO. Àwọn tí ọwọ́ wọn dá ṣáṣá pàápàá ń rà á. Bí ohun kan bá rọ ọwọ́ tó ń ro lọ́rùn, yóò rọ gbogbo ọwọ́ lọ́rùn.

Kí àtúnṣe ńlá tó dé, nǹkan wà tí ẹ lè ṣe nínú ilé lónìí. Ẹ so òwú tó nípọn, tó ní ìlẹ̀kẹ̀ kan lórí, mọ́ etí ìkọ́ búróòṣì ìyá yín, kí ó rí ohun fà. Pínnì gbọọrọ tó ní ṣóńṣó níta, ẹ fi rọ́bà kékeré tó máa ń wà lẹ́yìn yẹtí dí i lẹ́nu. Ẹ ra pínnì tí orí rẹ̀ tóbi, tí àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti aṣọ, kí ojú lè tètè rí i bí ó bá já bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí omi, ẹ mọ̀ pé irin tètè ń dípẹtà, ìpẹtà sì kì í kúrò lára léèsì funfun bọ̀rọ̀: idẹ tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ máa béèrè. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń yún, tó ń ṣú níbi tí irin ti kàn án, kó yẹra fún èyí tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò.

Ẹ̀yin télọ̀ Kétu, ẹ̀yin asínlẹ̀kẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kó ọjà wá láti Ìdúmọ̀tà àti Balógun, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó tẹ́ búróòṣì tuntun sórí àtẹ, ẹ gbé e fún ìyá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ ní kó fi ọwọ́ kan ṣoṣo fi í sáyà láì wo dígí, kó sì tún un yọ. Bí apá rẹ̀ kò bá ká a, ẹ má tíì tà á. Ẹ padà sídìí ìkọ́ náà, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ máa yí ẹ̀yìn búróòṣì wò kí ẹ tó sanwó.